Kí ló kù tí agbẹ̀bí ń lọ kọ́? Àlàyé lórí ẹ̀kọ́ ìtọ́jú ìkókó tí kì í tán

Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Màmá Mọ́kọ́lá, ní ọmọ-ọmọ méjì tí wọ́n bí láàárín oṣù kan ṣoṣo, ọ̀kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀kan ní Ìbàdàn. Nọ́ọ̀sì tó wá wo ti Lọ́ńdọ̀nù nílé ní kí ẹnikẹ́ni má fi ohunkóhun kan ìwọ́ ọmọ, kí wọ́n jẹ́ kó gbẹ, kó já fúnra rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ti Ìbàdàn fún ìyá ọmọ ní túúbù kékeré kan, ó ní kó máa fi gẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ pa ìwọ́ lójoojúmọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ní ìgbà tí Màmá fúnra wọn ń bímọ, spírítì àti òwú ni wọ́n fún wọn ní ọsibítù. Ni Màmá bá fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, ìbínú sì wà nínú ohùn náà: "Ọmọ mi, ìwọ tó o máa ń kàwé, nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ta ló mọ iṣẹ́?"

Kí n tó dáhùn, ohùn kejì ti wọlé. Mátírọ́ọ̀nù tó gbẹ̀bí ọmọ Ìbàdàn kò sí lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Wọ́n ní ó lọ fún "training". "Obìnrin tó ti ń gbẹ̀bí láti bí ogún ọdún! Kí ló kù tó ń lọ kọ́?"

Ibì kan náà ni ìdáhùn ìbéèrè méjèèjì wà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju ohun tí èèyàn lè fi ohùn ìṣẹ́jú kan sọ lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ ọ́.

Ìwọ́ kan, ìmọ̀ràn mẹ́ta

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló mọ iṣẹ́. Ọdún tí wọ́n sọ̀rọ̀ àti ibi tí wọ́n ti sọ ọ́ ló yàtọ̀.

Ìwọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé, ojú egbò ni, ọ̀nà ibẹ̀ sì já tààrà sínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Kòkòrò tó bá gba ibẹ̀ wọlé kì í pẹ́ kó tó dé gbogbo ara, tẹ́tánọ́ọ̀sì náà sì mọ ọ̀nà yẹn dáadáa. Spírítì ń pa kòkòrò lóòótọ́, àmọ́ kíá ló ń fẹ́ lọ, wọ́n sì wá rí i pé ó máa ń mú kí ìwọ́ pẹ́ kó tó já. Láàárín ọdún 2002 sí 2005, àwọn olùwádìí gbé oògùn apakòkòrò kan tó ń jẹ́ chlorhexidine lọ sí agbègbè Sarlahi ní orílẹ̀-èdè Nepal, níbi tó jẹ́ pé inú ilé ni ọ̀pọ̀ obìnrin ń bímọ sí. Wọ́n fi nu ìwọ́ àwọn ọmọ kan, wọn ò fi nu ti àwọn mìíràn. Láàárín àwọn tí wọ́n fi nu tiwọn, ikú fi ìdá 24 nínú 100 dín kù. Ìròyìn náà tàn káàkiri. Nàìjíríà gbà á, ó sì di gẹ́ẹ̀lì inú túúbù tí ilé iṣẹ́ apoògùn ń ṣe nílé níbí.

Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn mìíràn dán an wò ní Zambia àti ní erékùṣù Pemba ní Tanzania, ikú ọmọ kò fi bẹ́ẹ̀ dín kù. Èyí wà lára ohun tó mú Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, tún ìmọ̀ràn rẹ̀ ṣe: níbi tí ìwọ́ bá ti lè wà ní mímọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ, níbi tí àwọn èèyàn bá ti máa ń fi nǹkan eléwu sí i, ẹ lo chlorhexidine. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọsibítù ni wọ́n ti gé e, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ fi nǹkan kan sí i nílé. Níbí ńkọ́? A mọ ara wa. Òróró, iyọ̀, ọṣẹ ìfọyín, ewé gígún, aṣọ tí wọ́n ti inú omi gbígbóná fà yọ: kò sí èyí tí wọn kì í fi sí ìwọ́ ọmọ. Ọgbọ́n tó wà nídìí gẹ́ẹ̀lì yẹn wù mí. Àwọn tó gbé e kalẹ̀ mọ̀ pé ọwọ́ ìyá àgbà ò lè rí ìwọ́ ọmọ kó má fi nǹkan sí i, wọ́n bá kúkú fún ọwọ́ náà ní ohun tí kò ní pa ọmọ.

Ọ̀rọ̀ ò parí síbẹ̀. Túúbù ọ̀hún jọ túúbù oògùn ojú. Láàárín ọdún 2015 sí ìbẹ̀rẹ̀ 2018, ó lé ní ogójì ìṣẹ̀lẹ̀ tí wọ́n fi tó WHO létí láti orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án nílẹ̀ Áfíríkà, níbi tí wọ́n ti fi oògùn ìwọ́ yìí sí ojú, tó sì ṣe ojú ní jàǹbá gidi. Oògùn kan náà tó ń gba ẹ̀mí là! Nọ́ọ̀sì tó bá lọ fún ẹ̀kọ́ lónìí, kì í ṣe bí a ṣe ń fi gẹ́ẹ̀lì pa ìwọ́ nìkan ni wọ́n ń kọ́ ọ. Wọ́n ń kọ́ ọ pé kó wo ojú ìyá ọmọ, kó sọ pé "ìwọ́ nìkan o, kò gbọ́dọ̀ kan ojú," kó sì ní kí ìyá ọmọ tún un sọ fún òun.

Ohun tí wọ́n ń pè ní update

Ní Nàìjíríà, ìwé-ẹ̀rí tí dókítà gbé kọ́ ara ògiri kò tó fún un láti máa ṣiṣẹ́. Ọdọọdún ló ń sọ ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀ dọ̀tun, wọ́n sì máa ń béèrè máàkì ẹ̀kọ́ tó ti lọ kọ́ láàárín ọdún. Nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí ń ṣe tiwọn ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. MCPDP ni wọ́n ń pe ẹ̀kọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ lọ kí wọ́n tó lè tún un gbà. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà tó ń tọ́jú ìkókó, Nigerian Society of Neonatal Medicine, máa ń ṣètò ẹ̀kọ́ lórí bí a ṣe ń jí ọmọ tí kò ké. Ní Èkó, àjọ tó ń rí sí ìṣègùn ìbílẹ̀ máa ń kọ́ àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ tó bá forúkọ sílẹ̀.

Èyí ni òfin. Màmá lóye rẹ̀ kíá, wọ́n ní ó dà bí ìwé àwọn awakọ̀. Mo ní ó jọ ọ́, àmọ́ ohun tí máàkì ń kà ni pé èèyàn jókòó síbẹ̀. Kò mọ ohun tí ọwọ́ onítọ̀hún lè ṣe ní aago mẹ́ta òru. Ohun tó ń mú kí ẹ̀kọ́ náà pọn dandan jinlẹ̀ ju ìwé àṣẹ lọ.

Afẹ́fẹ́ tó fọ́ àwọn ọmọ lójú

Ní àwọn ọdún 1940 ní Amẹ́ríkà, àwọn ọsibítù ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀mí ọmọ tí oṣù wọn kò pé là, àwọn tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ kíkú ni wọn ì bá kú. Wọ́n ní inkubétọ̀, àpótí tí wọ́n ń tẹ́ ọmọ sí kó lè móoru, tó dí pinpin, wọ́n sì ń rọ ọ́síjìn sínú rẹ̀ ní fàlàlà. Ta ni kò mọ̀ pé ọ́síjìn dára? Ní 1942, dókítà ojú kan ní Boston, Theodore Terry, kọ̀wé nípa ohun àjèjì kan: àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé yìí ń fọ́jú, ohun kan bíi fíìmù ń hù sẹ́yìn ẹyinjú wọn. Àwọn dókítà wá okùnfà rẹ̀ títí. Wọ́n fura sí iná, wọ́n fura sí fítámì, wọ́n fura sí oúnjẹ. Ohun tó rú wọn lójú jù ni pé ọsibítù tó dára jù ni ìfọ́jú ti pọ̀ jù. Ọmọ tí wọ́n bí sí ibi tí kò ti sówó ọ́síjìn ń ríran.

Ìgbà tí ọsibítù 18 pawọ́ pọ̀ ṣe ìwádìí ní 1953 sí 1954 ni ọ̀rọ̀ tó yanjú: ọ́síjìn tó pọ̀ jù ló ń ba iṣan ẹ̀jẹ̀ ojú tí kò tíì gbó jẹ́. Nígbà yẹn, bí ọmọ 10,000 ti fọ́jú káàkiri àgbáyé. Olórin nì, Stevie Wonder, tí wọ́n bí ní 1950 kí oṣù rẹ̀ tó pé, wà lára wọn. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì tó yí kókó ọ́síjìn yẹn tó jẹ́ ọ̀lẹ tàbí òpè. Ohun tí wọ́n kọ́ wọn nílé ìwé ni wọ́n ń ṣe, tọkàntọkàn.

Kì í ṣe pé ọ́síjìn wá di májèlé o. Ọmọ tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò gbó ṣì nílò rẹ̀, àmọ́ wọ́n ń wọ̀n ọ́n, wọ́n ń fi ẹ̀rọ kékeré tó ń pọ́n yòò lẹ́sẹ̀ ọmọ wo iye tó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Àní ọmọ tí oṣù rẹ̀ pé tó bá wá sáyé tí kò mí, ọ́síjìn pọ́ńbélé ni wọ́n ń fún un fún ọ̀pọ̀ ọdún. Láti 2010, ìlànà àgbáyé ní kí wọ́n fi atẹ́gùn lásán tí gbogbo wa ń mí bẹ̀rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó jáde nílé ìwé ní 2003, tí kò sì lọ fún ẹ̀kọ́ kankan mọ́, á ṣì máa wá sílíńdà káàkiri nígbà tí afẹ́fẹ́ tí ọmọ nílò wà nínú yàrá náà.

Irú rẹ̀ pọ̀. Tẹ́lẹ̀, wọ́n á dorí ọmọ kodò, wọ́n á gbá a nídìí kó lè ké. Wọ́n ti fi ìyẹn sílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, gbogbo ọmọ ni wọ́n ń fa nǹkan lẹ́nu àti nímú rẹ̀. Ní báyìí, ọmọ tó ń ké kò nílò rẹ̀. Tẹ́lẹ̀, kíá ni wọ́n ń gé ìwọ́. Ní báyìí, wọ́n ń dúró bí ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta kí ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú olóbi lè ráyè ṣàn padà sára ọmọ. Wọ́n ní kí ọmọ máa fi ẹ̀yìn sùn, kó má dojú bolẹ̀. Ìwẹ̀ ni mi ò fẹ́ kí Màmá béèrè, wọ́n sì béèrè rẹ̀. Wọ́n ń dá a dúró di ọjọ́ kejì, ó kéré tán wákàtí mẹ́rìnlélógún, nítorí òtútù yára mú ìkókó, òtútù sì ń pa á. Màmá dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Fún obìnrin tó ti fi kànrìnkànrìn àti ọṣẹ dúdú wẹ ọmọ mẹ́rìnlá nínú ẹbí kí ibi tó wọlẹ̀, ọ̀rọ̀ ńlá ni.

Ìṣẹ́jú kan ṣoṣo

NDHS, ìwádìí ìjọba lórí iye èèyàn àti ìlera ní Nàìjíríà, ti ọdún 2018 sọ pé nínú ọmọ 1,000 tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà, 39 ni kì í pé oṣù kan láyé. Ohun mẹ́ta ló ń pa èyí tó pọ̀ jù nínú wọn: kí oṣù má pé, kí kòkòrò wọ ara, àti kí ọmọ má lè mí nígbà tó délẹ̀ ayé. Ti ẹ̀kẹta yìí ni mo fẹ́ tẹ̀ mọ́lẹ̀, nítorí òun ló fi ohun tí "training" jẹ́ hàn jù.

Nínú ọmọ 100, bíi 85 á ké fúnra wọn. Bíi 10 á ké bí wọ́n bá nù wọ́n gbẹ dáadáa, tí wọ́n sì fọwọ́ ra wọ́n lẹ́yìn. Bíi márùn-ún ló kù tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí lẹ́dọ̀fóró. Báàgì rọ́bà kan àti ìbòmú kékeré ni wọ́n fi ń ṣe é. Kò wọ́nwó, kò nílò iná. Àmọ́ láàárín ìṣẹ́jú kan tí ọmọ jáde ló yẹ kó ti máa mí, tàbí kí ẹnì kan ti máa bá a mí. Orí ọmọ kò gbọ́dọ̀ tẹ̀ síwájú, kò gbọ́dọ̀ gbé sẹ́yìn jù. Ìbòmú gbọ́dọ̀ bo imú, ẹnu àti àgbọ̀n, kó má dé ojú, kí afẹ́fẹ́ má sì máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ ó fún báàgì, ẹ ó wo àyà. Bí àyà ò bá gbéra, asán ni. Bí ogójì ìgbà ní ìṣẹ́jú kan.

Ẹ wá bá mi ṣírò. Ilé ìwòsàn kékeré tó ń gbẹ̀bí ogún ọmọ lóṣù á rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bí ẹ̀ẹ̀kan lóṣù. Bí agbẹ̀bí mẹ́fà bá ń pín iṣẹ́ ọ̀sán àti òru láàárín ara wọn, ó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan bí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún. Iṣẹ́ tí ọwọ́ ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, tó sì jẹ́ ìṣẹ́jú kan péré ló wà fún un! Ẹ mú onílù tí kò fọwọ́ kan gángan fún oṣù mẹ́fà, kí ẹ tì í sáàárín agbo, kí ẹ ní kó máa fọ̀. Kò gbàgbé ohun tí ìlù ń sọ, ọwọ́ rẹ̀ ló ti le.

Ní 2010, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà gbé ẹ̀kọ́ kan jáde tí wọ́n pè ní Helping Babies Breathe, tí wọ́n dìídì ṣe fún ibi tí dókítà ò sí. Ilé iṣẹ́ Laerdal ní Norway ṣe ọmọláńgidi kan fún un: wọ́n á ká a bí aṣọ gbé rìnrìn àjò, wọ́n á rọ omi sínú rẹ̀ kó lè wúwo bí ọmọ, àyà rẹ̀ á sì gbéra bí wọ́n bá fún báàgì dáadáa. Ní Tanzania, wọ́n kọ́ àwọn agbẹ̀bí ọsibítù mẹ́jọ, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2013: ikú ọmọ láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́ fi ìdá 47 nínú 100 dín kù.

Ní orílẹ̀-èdè yẹn kan náà, ní ọsibítù kan ní ìgbèríko tó ń jẹ́ Haydom, nǹkan mìíràn ṣẹlẹ̀, ìtàn rẹ̀ sì wù mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n fi ọjọ́ kan kọ́ àwọn agbẹ̀bí. Oṣù méje lẹ́yìn náà, wọ́n dán wọn wò lórí ọmọláńgidi, wọ́n ṣe dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àmọ́ nígbà tí wọ́n wo ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ gidi nínú yàrá ìgbẹ̀bí, kò sí ìyàtọ̀. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ni kò ṣe é. Àwọn ará Haydom kò wá pe àpérò ńlá mìíràn. Wọ́n gbé ọmọláńgidi náà sínú yàrá ìgbẹ̀bí, wọ́n ní kí agbẹ̀bí máa fi ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ṣe é lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, nígbà tó bá wọṣẹ́. Ikú ọmọ láàárín wákàtí 24 wá sílẹ̀ láti bíi 11 sí bíi 7 nínú ọmọ 1,000.

Àwọn tó ni ọgbọ́n yẹn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì gígùn tí wọ́n ń pè é. Àwa ti ní tiwa tipẹ́: bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dífá ọrọọrún. Babaláwo kì í sọ pé òun ti kọ́ Ifá ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ó tó. Ọ̀sẹ̀ Ifá pé, ó tún gbé ọpọ́n kalẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́ láti Ifẹ̀ àti Èkó

Àwọn kan rò pé òyìnbó ló ń yí ìlànà padà, tí àwa kàn ń tẹ̀ lé wọn. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá.

Ní 1978, ní ọsibítù kan ní Bogotá ní ilẹ̀ Kòlóńbíà, inkubétọ̀ kò tó, wọ́n sì ń tẹ́ ọmọ méjì-mẹ́ta sínú ọ̀kan. Dókítà Edgar Rey ní kí àwọn ìyá gbé ọmọ tí oṣù wọn kò pé sáàárín ọyàn, ara kan ara, bí ẹranko kangarú ṣe ń gbé ọmọ rẹ̀. Ọmọ ń móoru, ó ń mu ọyàn, kòkòrò ọsibítù kì í sì tètè rí i mú. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n fi ń kọ́ nọ́ọ̀sì fún ọ̀pọ̀ ọdún ni pé kí ara ọmọ kọ́kọ́ balẹ̀ nínú inkubétọ̀ ná, kó tó di pé wọ́n gbé e fún ìyá. Láti 2017 sí 2020, ọsibítù márùn-ún béèrè bóyá ìdádúró yẹn tọ̀nà. Ọ̀kan nínú wọn ni ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Àwọn yòókù wà ní Gánà, Màláwì, Tanzania àti Íńdíà. Ọmọ 3,211 ni, ìwọ̀n wọn kò tó kílò méjì. Nínú àwọn tí wọ́n gbé sáyà ìyá lójú ẹsẹ̀, 12 nínú 100 ló kú; nínú àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ dá dúró, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 16. Àwọn tó ń ṣọ́ ìwádìí náà ní kí wọ́n dá a dúró kó tó parí, nítorí kò tọ́ láti tún máa fi ohun tó dára yẹn du ọmọ kankan. Ní 2022, WHO yí ìlànà rẹ̀ padà.

Ẹ wo ohun tí ìyẹn ń béèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Láti ọjọ́ tó ti dé wọ́ọ̀dù ìkókó, wọ́n ti kọ́ ọ pé kó máa lé ìyá jáde: "Ẹ dúró níta, a óò pè yín tó bá di àkókò oúnjẹ." Ní báyìí, wọ́n ní kó gbé bẹ́ẹ̀dì fún ìyá nínú wọ́ọ̀dù náà, tọ̀sán tòru, kó tọ́jú ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ àti ọmọ tó wà láyà rẹ̀ pọ̀. Ẹ̀kọ́ tuntun rọrùn, gbígbàgbé ti àtijọ́ ló le. Kò sì sí máàkì fún ìyẹn.

Ti Èkó dá lórí ibà pọ́njú ìkókó, tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní jọ́ńdíìsì. Ẹyinjú ọmọ á rí bí àtalẹ̀ pupa, àwọ̀ ara rẹ̀ náà á máa yí padà. Èyí tó pọ̀ jù á lọ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ohun tó ń fà á bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè wọ ọpọlọ, ọmọ náà lè dití, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè le títí ayé. Ó ń bá tiwa jà ju ti ọ̀pọ̀ ẹ̀yà lọ, nítorí bí ọkùnrin kan nínú márùn-ún láàárín àwa Yorùbá ló ní àbùkù ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní G6PD. Òórùn káńfọ̀ tí a fi sáàárín aṣọ ìkókó tó fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láti bẹ̀rẹ̀ wàhálà. Iná aláwọ̀ búlúù ni wọ́n fi ń wò ó, iná wa sì nìyí, ẹ mọ̀ ọ́n. Àwọn dókítà kan wá ta ọ̀rá àkànṣe bí àgọ́ ní Island Maternity ní Èkó, ọ̀rá tó ń sẹ́ ìtànṣán eléwu kúrò lára oòrùn, tó ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ búlúù kọjá. Ọmọ 447 ni wọ́n fi wé ara wọn, èsì sì jáde ní 2015: oòrùn tí wọ́n sẹ́ yìí ṣiṣẹ́ bí iná búlúù.

Ìdajì ìròyìn yìí ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbọ́, wọ́n wá ń tẹ́ ọmọ sí oòrùn àárọ̀ lẹ́yìnkùlé. Kì í ṣe nǹkan kan náà rárá. Lábẹ́ àgọ́ yẹn, nọ́ọ̀sì ń wọn ìgbóná ara ọmọ léraléra, wọ́n sì ń yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Lẹ́yìnkùlé, ọjọ́ ló ń lọ. Ọmọ tí ojú rẹ̀ bá pọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bí i, tàbí tí kò mu ọyàn dáadáa mọ́, ọsibítù ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ yẹn.

Ibi tí ẹ̀kọ́ náà ti ń jò

Mi ò ní parọ́ fún Màmá pé gbogbo rẹ̀ ló ń lọ déédéé. Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹni tí owó ìrìnnà kàn ni wọ́n ń rán lọ: ọ̀gá tó ku oṣù mẹ́ta kó fẹ̀yìn tì, tí kò fọwọ́ kan ọmọ láti ọdún mẹ́jọ. Ìgbà mìíràn, nọ́ọ̀sì tó kọ́ ọ gan-an á padà dé, oṣù méjì lẹ́yìn náà wọ́n á gbé e lọ sí wọ́ọ̀dù ojú. Àwọn mìíràn ti já pa. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ kò sí: Ọ̀jọ̀gbọ́n Hippolite Amadi, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú Imperial College ní Lọ́ńdọ̀nù, gba ẹ̀bùn ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ilé iṣẹ́ gáàsì NLNG ní 2023 nítorí ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tó ń ran ìkókó lọ́wọ́ láti mí. Ẹ̀rọ lásán kò lè rí ọmọ. Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ lálẹ́ Sunday.

Wọ́n ní ẹni tó bá lọ gbọ́dọ̀ wá kọ́ àwọn tó kù nílé, step-down ni wọ́n ń pè é. Níbi tí wọ́n bá ti ń ṣe é, ó máa ń ràn. Níbi tí wọn kì í ṣe é, inú fáìlì ni ìwé ẹ̀kọ́ náà ń sùn.

Mo wá sọ fún Màmá pé bí wọ́n bá tún mú ìyàwó ọmọ wọn lọ sí ọsibítù, kí wọ́n má bínú pé mátírọ́ọ̀nù lọ fún training. Kí wọ́n béèrè ta ló wà nílé lálẹ́ tó lè jí ọmọ tí kò ké, ibo ni báàgì àti ìbòmú wà, ìgbà wo ni wọ́n fi dánra wò kẹ́yìn. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ti tán.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ohùn gígùn kan wọlé. Màmá ti lọ bá mátírọ́ọ̀nù náà. Mátírọ́ọ̀nù rẹ́rìn-ín, ó gbé ọmọláńgidi kan jáde nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ó rọ omi sí i, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó sì na báàgì sí wọn. "Ó ní kí n fún un. Mo fún un, fẹ̀ẹ̀ ló ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀. Ó ní kí n gbé àgbọ̀n rẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ṣe é, ọmọ mi, kí àyà ọmọ rọ́bà yẹn tó gbéra."